Báwo ni a ṣe ń ya àwòrán ilẹ̀ tí ogun ti kọjá lórí rẹ̀?

Ayàwòrán Tánkẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ àwòrán yíyà. Láti oṣù méjì ni mo ti ń lọ sí ẹ̀yìn ìlú ìyá mi ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, níbi tí yàrà àtijọ́ kan wà tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká nígbà ogun. Bí mo bá dúró níbẹ̀, ojú mi ń rí i, ẹsẹ̀ mi pàápàá mọ̀ pé mò ń sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá délé tí mo ṣí fọ́tò náà, koríko lásán ni. Ẹnìkan ní kí n kó àpáàdì àti àdá onípẹtà kan sí etí rẹ̀, kí ó lè jọ ogun. Kí ni ẹ rí sí i?

Bàbá Adétà: Aago mélòó lo máa ń débẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán gangan, oòrùn kì í jẹ́ kí òjìji bọ́ sínú kòtò, ilẹ̀ á sì tẹ́ bí ẹní nínú fọ́tò. Débẹ̀ kí ojúmọ́ tó mọ́ tán, kí o dúró síbi tí oòrùn á ti máa tàn wá láti ẹ̀gbẹ́ rẹ, má kọjú sí i, má sì kẹ̀yìn sí i. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, òjìji á kún inú yàrà náà, etí rẹ̀ á sì yọ bí ìlà tí wọ́n fi ẹfun fà. Ní Verdun ní ilẹ̀ Faransé, ihò tí ọta ìbọn ńlá gbẹ́ lọ́dún 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ṣì wà lábẹ́ koríko, oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ló sì ń gbé wọn yọ jù. Tìrẹ á tún dára sí i bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sun igbó nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò tó tún hu koríko.

Ọmọ Odò Ọ̀tìn: N kò fara mọ́ àdá yẹn rárá. Lọ́dún 1855, Roger Fenton, ayafọ́tò ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya àfonífojì kan lójú ogun Crimea, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé bá Rọ́ṣíà jà, lẹ́ẹ̀mejì láti ojú kan náà: nínú ọ̀kan, ọta àgbá wà káàkiri ojú ọ̀nà, nínú èkejì, ojú ọ̀nà mọ́, kòtò ẹ̀bá rẹ̀ ni àwọn ọta náà wà. Títí di òní, bí wọ́n ṣe débẹ̀ ni àwọn èèyàn ń jiyàn lé lórí ju ogun fúnra rẹ̀ lọ. Èmi náà ti lọ ya odò Ọ̀tìn, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìlọrin tó ń sá bọ̀ láti Ìkìrun ti bómi lọ lọ́dún 1878, tí a fi ń pe ogun náà ní Jálumi. Omi ni mo bá, omi ni mo yà, mo sì kọ orúkọ ogun náà àti ọdún rẹ̀ sábẹ́ fọ́tò. Bí o bá rí àpáàdì nílẹ̀, yà á níbi tó wà, má ṣí i nídìí, nítorí ibi tí nǹkan wà wà lára ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn fi ń mọ ìtàn rẹ̀.

Ayàwòrán Tánkẹ́: Ẹ ṣeun gan-an. Mo padà lọ láàárọ̀ Sátidé, mo sì kọ́kọ́ kí bàbá tó ni oko níbẹ̀. Àṣé wọ́n ti kọ ebè iṣu sínú yàrà náà! Bí oòrùn ṣe ń yọ, wọ́n ń kọjá láàárín ebè pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, etí yàrà sì bá wọn dé èjìká. Nínú gbogbo èyí tí mo ti yà, òun nìkan ló jọ ohun tí mo fojú rí. Bàbá ní kí n tẹ̀ ẹ́ jáde fún àwọn, kí n má sì gbàgbé férémù.