Omi ń wọnú ọ́ìlì Toyota píkọ̀ọ̀pù mi, wọ́n ti pààrọ̀ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì, kò gbọ́

Àgbẹ̀Ìwó:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní Toyota píkọ̀ọ̀pù kan, 1989, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ni, ẹ́ńjìnì 22R oníkabúrétọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń fà. Òun ni mo fi ń kó gbágùúdá láti oko lọ síbi tí wọ́n ti ń yan gààrí, ó ti pé ọdún mẹ́fà, kò já mi kulẹ̀ rí, àfi láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Mo máa bu omi kún ráyétọ̀ láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán ó ti fà, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ gbẹ fọ́ọ́, kò sí ibi tó ń kán sí. Ìgbà tí mo wá fa géèjì ọ́ìlì jáde ni mo lanu, ọ́ìlì ti dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí.

Mẹkáníìkì mi ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà láàárín tọ́ọ̀pù (orí ẹ́ńjìnì) àti ara ẹ́ńjìnì, ló lọ. Ó tú u, wọ́n gbé tọ́ọ̀pù lọ fá, a pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, owó gidi. Ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún ti padà. Ó ní ayédèrú ni gásíkẹ́ẹ̀tì tí mo rà, a lọ ra òmíràn, ó tún tú u, ọjọ́ mẹ́wàá péré. Ní báyìí ó ní kí n lọ ra odindi ẹ́ńjìnì.

Ohun kan tún wà tí mi ò mọ̀ bóyá ó kàn án. Tí mo bá kọ́kọ́ sítáàtì ẹ̀ láàárọ̀ ó máa ń dún ṣàkàṣàkà níwájú, bíi kéèyàn da òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo kó máa mì í, tó bá ṣe díẹ̀ á dákẹ́. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo ní sìpánà, mo ní jáàkì, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pààrọ̀ clutch ẹ̀. Tó bá jẹ́ nǹkan tí mo lè ṣe nílé, ẹ sọ fún mi.

ỌmọMushin:
Bọ̀ọ̀dá, ẹ má dara yín láàmú jàre. Ẹ wá sí ọjà páàtì Ládípọ̀ kẹ́ ẹ wá gbé bẹ́líjọ́ọ̀mù, ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀, kí wọ́n sítáàtì ẹ̀ lójú yín, ẹ gbé e lọ. Ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti tú tọ́ọ̀pù ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kò lè dùn mọ́.

BàbáGate:
Ẹ má ra ẹ́ńjìnì kankan o! Ẹ jókòó.

Nǹkan tẹ́ ẹ fi sí ìparí ọ̀rọ̀ yín, tẹ́ ẹ ní ẹ ò mọ̀ bóyá ó kàn án, òun gan-an ni ẹjọ́. Ariwo ṣàkàṣàkà yẹn, ṣéènì ni. 22R kì í lo bẹ́líìtì fún táímíìn, ìyẹn kí òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì máa yí bá ara wọn mu, ṣéènì ló ń lò, àwọn tó kọ́kọ́ jáde ní ṣéènì onílà méjì, àmọ́ nígbà tó di nǹkan bí 1983 Toyota sọ ọ́ di onílà kan, gáìdì méjì tí ṣéènì ń fara yí láti ẹ̀gbẹ́ sì wá di rọ́bà. Rọ́bà yẹn máa ń gbó, ooru á jẹ ẹ́, ọjọ́ kan á kán. Èyí tó wà lápá dírẹ́bà ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Tó bá ti kán, ṣéènì ti dẹ̀, á wá máa gbá kọ́fà iwájú, kọ́fà yẹn sì rèé, irin fúyẹ́fúyẹ́ ni, ṣéènì á máa rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ bí ayùn ṣe ń rẹ́ igi. Ojú ọ̀nà omi sì gba inú kọ́fà kan náà kọjá nítorí orí ẹ̀ ni wọ́n de pọ́ǹpù omi mọ́. Ọjọ́ tó bá rẹ́ ẹ lu, omi á máa ṣàn wọ sọ́ọ̀mpù, abọ́ ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, lọ tààrà, kò kan gásíkẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹ lè pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì títí ọdún á fi yípo, ibi tí ihò wà ló wà.

Ìdí tó fi ń dún láàárọ̀ tó sì ń dákẹ́ ni pé ọ́ìlì ló ń ti tẹ́ńṣọ́nà tó ń fa ṣéènì le. Kí ọ́ìlì tó gòkè, ó ti dẹ̀, á pariwo. Tó bá gòkè tán á dákẹ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ráyétọ̀ nígbà tó bá tutù, ẹ sítáàtì ẹ̀, ẹ wò ó bóyá omi ń hó pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀ nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ tún wo sàléńsà bóyá èéfín funfun ń jáde tí kò lọ. Tí méjèèjì kò bá sí, ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti fẹ́ẹ́ kúrò ńlẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá pa á, ẹ jẹ́ kó sùn di ọjọ́ kejì, ẹ má sítáàtì ẹ̀ o. Láàárọ̀, ẹ gbé abọ́ sábẹ́ sọ́ọ̀mpù, ẹ tú nọ́ọ̀tì ẹ̀ díẹ̀ báyìí, ẹ má yọ ọ́ tán. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, ìsàlẹ̀ ló máa sùn sí. Tó bá jẹ́ omi lásán ló kọ́kọ́ jáde, tí ọ́ìlì wá tẹ̀ lé e, ẹ mọ̀ pé ó ń dà wọlé gan-an ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí kọ́fà orí, nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ni, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo ìsàlẹ̀ níwájú ibi tí ṣéènì ti ń wọlẹ̀. Ẹ máa rí gáìdì tàbí kẹ́ ẹ má rí i.

Ọ̀rọ̀ kan tó ń bí mi nínú: kò sẹ́ni tó lè gbé tọ́ọ̀pù 22R kúrò láìyọ ṣéènì lórí kẹ́mú, ọ̀pá òkè tó ń ṣí fáàfù. Ẹni tó tú u lẹ́ẹ̀mejì ti rí ṣéènì yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Kí ló ń wò?

ÌyáFúnmi:
Ẹ má wà á mọ́ o, àgbẹ̀. Ọkọ mi náà ní òun á máa fi ṣiṣẹ́ lọ títí òun á fi rówó, ó ní ọjà kan péré ló kù tóun fẹ́ kó. Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ló kú sí wa lọ́wọ́, tiṣutiṣu. Omi inú ọ́ìlì ti jẹ bíárì, ẹ́ńjìnì ti ń kan gbọ̀ngbọ̀n-gbọ̀n. Owó tí wọn ì bá fi ṣe ìwọ̀nba, ó di owó ńlá.

OníHouston:
Ẹ̀gbọ́n Gate ti sọ gbogbo ẹ̀. Èmi náà ní 1987 níbí, inú gáréèjì ni mo ti ṣe tèmi, òpin ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà mí torí mo ń lọ síbi iṣẹ́. (Níbí wọn kì í pè é ní Hilux o, Toyota Pickup lásán ni, ẹ sọ Hilux fún wọn wọ́n á máa wò yín.)

Bọ̀ọ̀dá Ìwó, tó bá jẹ́ kọ́fà ni lóòótọ́, ẹ fetí sí èyí nítorí òun ló fẹ́ pa mí lẹ́kún. Tẹ́ ẹ bá ti yọ gbogbo bóòtù kọ́fà iwájú tán tó sì kọ̀ tí kò kúrò, ẹ má fi irin hú u. Bóòtù kan wà tó fara pamọ́. Tẹ́ ẹ bá ṣí kọ́fà orí, níwájú pátápátá lábẹ́ ibi tí jíà kẹ́mú wà, ẹ máa rí kòtò kékeré kan tí ọ́ìlì kún inú ẹ̀. Ẹ fi àkísà fa ọ́ìlì yẹn, ẹ máa rí orí bóòtù tí sìpánà 12 ń tú nísàlẹ̀. Òun ló so tọ́ọ̀pù mọ́ kọ́fà. Wákàtí méjì ni mo fi ń bá kọ́fà jà kí n tó rí i, ẹlòmíì ti fọ́ kọ́fà tuntun síbẹ̀.

Bóòtù pọ́ólì ìsàlẹ̀ tó ń yí bẹ́líìtì níwájú, sìpánà 19 ni, ó máa ń le bí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ fi sí jíà gíga, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ wá ti páìpù bọ ọwọ́ sìpánà kó lè gùn. Ẹ ti kọ́kọ́ gbé píṣítínì kìíní sókè o, kí pínnì orí kẹ́mú dojú kọ òkè gangan bí aago méjìlá, kẹ́ ẹ sì fi bírò sàmì sí ibi tí dísítíríbútọ̀ dojú kọ.

Kíìtì ṣéènì tí gáìdì ẹ̀ ní irin lẹ́yìn wà, ẹ má ra onírọ́bà lásán mọ́. Ẹ wá kọ́fà iwájú tuntun mọ́ ọn.

Àgbẹ̀Ìwó:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ìhó nínú ráyétọ̀, kò sí èéfín. Àárọ̀ yìí mo tú nọ́ọ̀tì sọ́ọ̀mpù díẹ̀, omi ni o! Ó tó ife omi kan kí ọ́ìlì tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e, ọmọ mi ọkùnrin tó gbé abọ́ dání ń pariwo pé “bàbá, omi ni, omi ni”. Mo ṣí kọ́fà orí, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Gáìdì apá dírẹ́bà kò sí níbẹ̀ rárá, bóòtù tí wọ́n fi dè é nìkan ló dúró bí èékánná. Mo fi ìka kan ṣéènì, ó ń mì lọ mì bọ̀.

Ìbéèrè méjì. Ṣé dandan ni kí n tún gbé tọ́ọ̀pù, nígbà tí gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn ò tíì pé oṣù kan? Gáìdì tó kán ńkọ́, ibo ló lọ?

BàbáGate:
Sọ́ọ̀mpù ló lọ. Torí ẹ̀ lẹ ṣe gbọ́dọ̀ sọ sọ́ọ̀mpù kalẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sì yọ gbogbo wẹ́wẹ́ rọ́bà tó bá há mọ́ àsẹ́ tí pọ́ǹpù ọ́ìlì fi ń fà. Ti yín kì í ṣe 4-by-4, inú yín á dùn, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin á kọ́kọ́ bá dífù iwájú jà.

Tọ́ọ̀pù, ẹ fi sílẹ̀. Àmọ́ etí gásíkẹ́ẹ̀tì sùn lórí kọ́fà náà, ẹ fi abẹ pẹlẹbẹ là á kúrò lára ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó má ya. Ẹ fi gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i nígbà tẹ́ ẹ bá ń dá a padà, sí igun méjèèjì pàápàá. Tó bá ya, ẹ máa san owó gásíkẹ́ẹ̀tì kẹta nìyẹn, ẹ gbé tọ́ọ̀pù sókè.

Tẹ́ ẹ bá to ṣéènì, ẹ jẹ́ kí ojú tó ń dán lára ẹ̀ bá àmì jíà òkè àti tìsàlẹ̀ mu, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnì ní ìyípo méjì gbáko kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Ojú tó ń dán yẹn ò ní bá àmì mu mọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá yí i, ẹ má bẹ̀rù, pínnì òkè ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ rọ ọ́ìlì olówó pọ́ọ́kú, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ dà á nù, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ títí funfun ẹ̀ á fi tán, kẹ́ ẹ tó rọ ojúlówó.

Àgbẹ̀Ìwó:
Ọjọ́ kọkànlá rèé. Ọjà páàtì Araromi ní Ìbàdàn ni mo ti rí kọ́fà, kíìtì onírin ni wọ́n bá mi mú wá láti Èkó. Kọ́fà àtijọ́ wà níwájú mi báyìí, ṣéènì gbẹ́ ojú ọ̀nà méjì sí i lára bíi ti kẹ̀kẹ́ lójú ẹrẹ̀, ìka mi kékeré ń wọ inú ihò ẹ̀. Bóòtù inú kòtò ọ́ìlì yẹn, OníHouston, Ọlọ́run á bù kún ọ, mi ò bá tí ì rí i títí di ìsìnyí.

Mo sítáàtì ẹ̀ láàárọ̀ yìí. Kò dún. Ìyàwó mi ní ṣé ó ti tan ni. Ọ́ìlì kejì ni mo dà nù lọ́sàn-án, ó ṣì ní funfun díẹ̀.

Ṣùgbọ́n bóòtù kan ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́ o.

BàbáGate:
Gígùn àbí kúkúrú?

Àgbẹ̀Ìwó:
Gígùn.

BàbáGate:
Ẹ wo irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa bẹ́líìtì ọ́tánétọ̀, ìdí ẹ̀ tó jókòó sára kọ́fà.

Àgbẹ̀Ìwó:
Ihò ẹ̀ ṣófo lóòótọ́. Ó ti wọlé.