Ọdẹ ni mo kọ, ọ̀dẹ̀ ni wọ́n kà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ta ni "ọ̀dẹ̀" ti kó bá rí níbí? Tèmi rèé.

Bàbá tó ń ṣọ́ àdúgbò wa lóru ni ò wá síṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Láti aago mẹ́jọ alẹ́ la ti ń tilẹ̀kùn mọ́rí. Bàbá ọdẹ la máa ń pè wọ́n, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn gan-an. Lọ́jọ́ kẹrin, bí mo ṣe ń tibi iṣẹ́ bọ̀, mo bá wọn lẹ́nu géètì, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, fèrè lọ́rùn. Inú mi dùn débi pé mi ò lè dúró délé. Mo fa fóònù yọ, mo kọ ọ́ sórí WhatsApp àdúgbò pé: "Baba ode ti de o! E ku oriire."

Mi ò fi àmì kankan sí i. Ta ló ń fi àmì sọ́rọ̀ lórí fóònù?

Mi ò mọ̀ pé alága àdúgbò wa, bàbá tó ti lé lẹ́ni 70 ọdún, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé ni. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì ṣáájú tèmi pé, "Mo ti wole o, e seun adura." Tèmi ló wá tẹ̀ lé e gẹ́rẹ́. Ẹ tún un kà lóhùn ìsàlẹ̀: Bàbá ọ̀dẹ̀ ti dé o. Ẹ kú oríire.

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu. Àárọ̀ ọjọ́ kejì lọkọ mi jí mi tìbínú-tìbínú: "Kí ni bàbá yẹn ṣe fún ẹ?" Mo ní bàbá wo? Ó na fóònù sí mi. Ẹsẹ̀ mi ò ràn mí mọ́.

A lọ sílé alága, mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ gbọ́ o, àlàyé àmì ohùn ò rọrùn lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ọdẹ ni, re-re. Kì í ṣe dò-dò." Wọ́n wò mí títí. Ìyàwó wọn ló bú sẹ́rìn-ín láti kíṣìnì: "Ṣé re-re lo wá ń fi bú ọkọ mi ni?"

Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá sọ lẹ́yìn ìgbà yẹn ni ò kúrò lọ́kàn mi. Wọ́n ní ká ní òmùgọ̀ ni mo kọ, àwọn ì bá ti mọ̀ pé ìjà ni mo wá. Ọ̀dẹ̀ ló dun àwọn, torí ó dà bíi pé mo ti sọ àwọn di ẹgbẹ́ mi. Òótọ́ ni. Ọ̀rẹ́ mi lè pè mí lọ́dẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́ ká jọ máa rẹ́rìn-ín. Òmùgọ̀ ò ṣeé fi ṣeré bẹ́ẹ̀, ó wúwo lẹ́nu. Dìndìnrìn ńkọ́? Ní tèmi, ìyẹn ti kúrò lọ́rọ̀ ìwà, ó ti dàbùkù, mi ò kì í sọ ọ́ sẹ́nikẹ́ni.

* * *

Ẹ má fi ẹ̀rín pa mí. Tèmi kì í ṣe ọ̀dẹ̀, olódo ni. Mo wà ní Pírámárì 2 nígbà tí tíṣà kan ní kí n dìde, ó ní "olódo ràbàtà!", gbogbo kíláàsì sì gbà á lórin. Mo délé, mo bi màámi pé ṣé ẹ̀bá odò ni wọ́n ti bí mi, pé tíṣà ní olódò ni mí. Odò nìkan ni mo mọ̀ nígbà yẹn. Mi ò tíì mọ òdo, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni mo gbà nínú ìṣirò. Màámi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kó hóró àgbàdo sílẹ̀, a sì ń kà á títí wọ́n fi múná lọ.

* * *

Ti mùmú ló wà lọ́wọ́ èmi. Ẹnì kan pè mí, ó ní báńkì lòun ti ń pè, pé wọ́n fẹ́ ti àkáǹtì mi pa. Mo ka nọ́ńbà ara káàdì fún un. Mo tún ka èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Kí n tó gbé fóònù kúrò létí, owó iléèwé àwọn ọmọ ti lọ. Mo wá ń sọ káàkiri pé wọ́n ti fi mí ṣe mùmú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bá mi wí. Wọ́n ní òpè ni kí n pe ara mi, pé òpè ò mọ̀ ni, ó ṣeé kọ́. Mo ní ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi, ṣé òpè máa ń rówó ẹ̀ gbà padà?

* * *

Ti Bíbélì ni tèmi. Sáàmù 14: "Aṣiwèrè wí ní ọkàn rẹ̀ pé, Ọlọ́run kò sí." Títí mo fi dàgbà, mi ò mọ̀ pé òmùgọ̀ ni wọ́n ń pè ní aṣiwèrè níbẹ̀, wèrè tó ń rìn kiri lọ́jà ni mo rò pé wọ́n ń bá wí. Mo tiẹ̀ máa ń ṣàánú ẹ̀. Mo ní ṣé ẹni tí orí ẹ̀ ò pé náà ni wọ́n tún ń ka ẹ̀ṣẹ̀ sí lọ́rùn?

* * *

Èmi tí mo kọ́kọ́ sọ tèmi ni o. Ẹni tó ń bi mí bóyá alága ti dárí jì mí, wọ́n ti dárí jì mí tipẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ di eré. Láràárọ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sórí WhatsApp pé "Baba ode ti ji o." Lópin oṣù tó kọjá, wọ́n kọ ọ́ pé, "Baba ode n reti owo osu lowo yin." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó sanwó. Ọjọ́ kẹta ni bàbá tó ń ṣọ́ wa wá kanlẹ̀kùn mi fúnra wọn.