Báwo lẹ ṣe ń mọ oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọṣẹ́? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ìyá Ìbejì: Ẹ kúulé o. Mo fẹ́ tún balùwẹ̀ ṣe nílé wa n'Íbàdàn, táìsì àti páìpù. Báwo lẹ ṣe ń yan oníṣẹ́?

Àkànbí Mọ́kọ́lá: Èmi kì í wo ẹnu wọn. Mo máa ń ní kí wọ́n mú mi lọ sílé tí wọ́n ṣe kẹ́yìn, kí n fi ìka lu táìsì. Ibi tó bá ń dún bí agbè òfìfo, sìmẹ́ǹtì ò délẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ ọ̀kan wà lọ́dún tó kọjá, gbogbo ilé tó dárúkọ ni ìyá onílé ò sí nílé.

Sìsí Ẹ̀kọ́: 😂😂 Ṣé àwọn ìyá onílé yẹn gbìmọ̀ ni?

Adùkẹ́: Ará Kútọnu ni kẹ́ ẹ wá jàre. Èyí tó ṣe tèmi n'Íkòròdú lọ́ra o, àmọ́ kò sí táìsì kan tó yọrí ju èkejì lọ.

Bàbá Ṣadé: Wọ́n tún ti dé. "Ará Kútọnu" tí ẹ̀gbọ́n mi gbà, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè ni. Faransé ẹnu ẹ̀ ò ju bọ̀ǹsúù lọ.

Adùkẹ́: Ṣé iṣẹ́ ẹ̀ dáa àbí kò dáa?

Bàbá Ṣadé: Ó dáa. Ìyẹn kọ́ là ń sọ.

Kámọ́rù Pọ́ńbà: Ìyá Ìbejì, kí wọ́n tó lẹ táìsì kankan, ẹ ní kí wọ́n dí ojú ihò omi, kí wọ́n da omi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ balùwẹ̀, kó wà níbẹ̀ fún wákàtí 24. Bó bá dín kù gidi, tàbí tí ògiri yàrá kejì ń rin, ó ń jò nìyẹn. Páìpù náà, kí wọ́n ṣí omi sí i kí wọ́n tó fi sìmẹ́ǹtì bò ó. Ẹni tó bá ní kò pọn dandan, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Kẹ́ ẹ sì bi í lọ́wọ́ ta ló ti gba fírídọ́ọ̀mù.

Sìsí Ẹ̀kọ́: Fírídọ́ọ̀mù kẹ̀? Ẹni tó ba kíṣìnnì mi jẹ́, fọ́tò fírídọ́ọ̀mù ẹ̀ wà lórí fóònù ẹ̀, tòun ti aṣọ ẹbí.

Kámọ́rù Pọ́ńbà: Ọ̀gá ẹ̀ ni kẹ́ ẹ pè, kì í ṣe fọ́tò.

Tọ́lá: Mi ò fún oníṣẹ́ lówó ọjà mọ́. Èmi fúnra mi ni mò ń lọ rà á.

Kámọ́rù Pọ́ńbà: Kẹ́ ẹ lọ ra páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wá, kó bẹ́, kẹ́ ẹ wá máa bú wa.

Tọ́lá: Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ bá mi ṣiṣẹ́ ni?

Ìyá Ìbejì: Bàbá Ṣadé, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà ọmọ Àgọ́-Ìwòyè yẹn dà?

Bàbá Ṣadé: Iṣẹ́ ti gbé e lọ sí Kútọnu.