Ọmọńlé mi ti ń gbádùn

Ẹ kú àdúrótì o, ẹ̀yin ará. Leopard gecko mi, irú ọmọńlé kan tí mo ń sìn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí kò jẹun mọ́, ti bọ́ nínú ewu. Dókítà ẹranko ya àwòrán egungun rẹ̀, ó ní àìtó kálísíọ̀mù ló jẹ́ kí egungun rọ̀. Ní báyìí, ìyẹ̀fun kálísíọ̀mù àti fítámì D3 la ń bù sára ìrẹ̀ kí ó tó jẹ ẹ́. Ibi tó ń yáná sí wà ní ìwọ̀n 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius, torí láìsí ooru, oúnjẹ kì í dà nínú rẹ̀. Ìrù rẹ̀, tó ń kó ọ̀rá pamọ́ sí, ti ń sanra padà! Ẹsẹ̀ iwájú kan ṣì tẹ̀, kò sì ní í nà mọ́, àmọ́ ó ń dọdẹ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ ṣeun gan-an ni.