Mu àti mú: àkọ́kùn nìkan kò tó

Ẹ̀yin ará,

Ẹ kú iṣẹ́ wíwá orúkọ Yorùbá fún àwọn ohun èlò o. Mo ti ka lẹ́tà ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n ní kí a máa pe ohunkóhun tí a bá kùn sára pákó kí ọ̀dà tó dé ní "àkọ́kùn", bí a ṣe ń pe òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ lọ́dún ní àkọ́rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ìṣẹ̀dá rẹ̀ kò sì lábùkù. Ẹyọ ẹjọ́ kan ni mo ní: ìgbà tí a kùn ún ló sọ fún wa, kò sọ iṣẹ́ tó wá ṣe. Bẹ́ẹ̀ nǹkan méjì ló ń ṣáájú ọ̀dà, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní páímà àti sílà, iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀ gédégédé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ojú mi ti là. Ọmọ àbúrò mi ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé. Wọ́n ní kí olúkúlùkù wọn fi pákó kọ́ ère ilé kan. (Mo mọ̀ pé a kò tíì parí ìjà bóyá "ère ilé" ni ká máa pe irú ilé kékeré bẹ́ẹ̀ tàbí "àwòṣe". Ẹ jọ̀ọ́, ó di ọjọ́ mìíràn.) Ilojo Bar ni ó mú, ilé àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Bràsíl padà wálé, tó wà ní gbàgede Tinúbu l'Ékòó, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1855, tí ìjọba kéde ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, tí wọ́n sì wó palẹ̀ ní 2016. Ó ní bí a kò bá rí ńlá mọ́, kí a kúkú rí kékeré. MDF, irú pákó kan tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe, tí kò nípọn ju mìlímítà 3 lọ ló fi ṣe é, ẹ̀rọ lésà ló sì fi gé àwọn fèrèsé olórí róbótó. Èmi ni mo bá a kùn ún. Ọ̀dà olómi tó ṣẹ́kù nígbà tí a kun pálọ̀ ni mo gbé, mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, etí gbogbo fèrèsé ti wú, ó ti hu irun bí etí ewúrẹ́. Ògiri kan tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun, nítorí pé iwájú nìkan ni mo kùn, ẹ̀yìn gbẹ, iwájú tutù. Ojú ògiri ìyókù kò wú. Ọmọ náà kò bú mi. Ó kàn wò mí.

Ìdí rẹ̀ rèé. MDF kì í ṣe igi tí a là. Igi ni wọ́n fi ooru omi tú di fọ́nrán, tí wọ́n po mọ́ gọ́ọ̀mù, tí wọ́n wá fi iná àti ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀. Ibi tí ẹ̀rọ náà ti kàn án, ní òkè àti ìsàlẹ̀, ló ki jù; inú rẹ̀ kò ki tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá gé e, inú náà ló yọjú sí etí. Omi tó wà nínú ọ̀dà bá wọlé, àwọn fọ́nrán sì dìde. Èdè wa ti pín in fún wa láti ilẹ̀: pákó ní ojú, ó ní etí, bí aṣọ ṣe ní etí, bí òkun ṣe ní etí. Ojú pákó kì í fi bẹ́ẹ̀ mu. Etí ni ọ̀mùtí.

Ibi tí mo ń lọ nìyẹn. Bí mo ṣe ń fi sánpépà ha àwọn etí náà, mo ń ráhùn pé "pákó yìí ń mu ọ̀dà jù." Ọmọ náà dáhùn láti inú ilé pé, "Ojú tó ń dán yẹn ńkọ́? Ọ̀dà ò tilẹ̀ mú un." Mo dúró. Mu, mú. Ẹni tó kùn ún kò fẹ́ kí pákó mu ọ̀dà. Ó fẹ́ kí ọ̀dà mú pákó, bí símẹ́ńtì ṣe ń mú, bí gọ́ọ̀mù ṣe ń mú. Àmì ohùn kan ṣoṣo ló wà láàárín àìsàn méjèèjì, oògùn wọn sì yàtọ̀. Ọ̀kan ń gba òùngbẹ lọ́wọ́ pákó. Èkejì ń fún ọ̀dà ní ibi tí yóò fi èékánná rẹ̀ kọ́. Bí a bá pe méjèèjì ní àkọ́kùn, a ti da oògùn inú rírun pọ̀ mọ́ ti orí fífọ́ nítorí pé àárọ̀ ni a ń lo méjèèjì.

Èyí tí ń mú ọ̀dà mú, ìyẹn páímà, ni mo fẹ́ kí a pè ní "amọ́dàmú". Ẹ̀gbọ́n kan ti kọ ọ́ sí mi ní kọ̀rọ̀ pé kí ló dé tí kì í ṣe "amúdàmú", nígbà tí a ní amúlétutù àti amúnáwá. Ìbéèrè gidi ni. Ilé àti iná ní fáwẹ̀lì i níwájú, i yìí sì ni ó máa ń sá bí ọ̀rọ̀ méjì bá pàdé: mú ilé, múlé, mú iná, múná. Ọ̀dà kò ní i. Ẹ wo amóhùnmáwòrán: mú ohùn di móhùn, mú àwòrán di máwòrán, fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe ló sá, ti ọ̀rọ̀-orúkọ dúró. Nítorí náà mú ọ̀dà, mọ́dà. Bí a bá kọ "amúdà", idà ni òǹkàwé yóò rí, yóò sì rò pé jagunjagun ni.

Orúkọ èyí tí ń gba òùngbẹ lọ́wọ́ pákó, ìyẹn sílà, ni mo fẹ́ràn jù: "apòùngbẹ". Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, mo mọ̀. Ẹ ó ní orúkọ omi tútù nìyẹn ní ibùdókọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ń ṣe. Gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò ni a fi omi là títí yóò fi ṣàn bí mílíìkì, a kùn ún sí etí, pákó mu ún pátá. Ó gbẹ, ó le sínú. Fọ́nrán díẹ̀ yóò dìde nítorí omi inú gọ́ọ̀mù náà, a fi sánpépà nọ́ńbà 240 ha á, a tún kùn ún, a fi nọ́ńbà 400 tó kúnná jù ú lọ ha á. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta, kò mu mọ́, ó ń dán díẹ̀. Ó ti yó. Ẹni tó bá ní owó lè lo ṣẹ́láàkì, ohun tí kòkòrò kékeré kan ń sun sára ẹ̀ka igi ní Íńdíà àti Táílándì, tí a ń fi sípírítì yọ́. Sípírítì kì í gbé fọ́nrán dìde bí omi. Èyíkéyìí tí a bá lò, pákó ló mu ún. (Kí ẹni tó bá ń ha MDF fi nǹkan bo imú o. Ìyẹ̀fun rẹ̀ kì í ṣe eré.)

Arábìnrin tó dábàá "adíhò" kò jìnnà, ṣùgbọ́n ihò tí ojú rí ni a ń dí. Pọ́tì tí àwọn akunlé ń fi dí ojú ìṣó gan-an ló yẹ kó jẹ́ adíhò. Ẹ jẹ́ ká fi fún un.

Ẹnìkan tún ní kí a lo "ẹ̀kọ", ó ní àwọn aládìrẹ ti ṣe é kí a tó bí wa. Inú mi dùn sí ìrántí yẹn. Àwọn ìyá Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn a fi ẹ̀kọ láfún àti ìyẹ́ adìẹ ya àwòrán sára aṣọ, ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní wọ̀ ọ́. Wọ́n tilẹ̀ ya ilé pẹ̀lú: àwọn òpó Mápó wà lára àdìrẹ Ìbàdàndùn. Àmọ́ ẹ̀kọ wà kí àwọ̀ má bàa dé ibẹ̀ ni, wọn a sì ha á kúrò lẹ́yìn náà. Tiwa wà níbẹ̀ kí àwọ̀ lè dúró, kò sì ní kúrò láéláé.

Àwọn tó ní kí a fi "páímà" àti "sílà" sílẹ̀ bí àwọn oníṣẹ́ ṣe ń pè é, mi ò bá wọn jà. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ ra sílà, ọmọ tó tà á gbé páímà fún mi, ó ní "ọ̀kan náà ni, bàbá." Mo gbà, nítorí pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò sọ nǹkan kan fún èmi tàbí òun. Bó bá jẹ́ pé apòùngbẹ ni mo béèrè, ó kéré tán, yóò ti rẹ́rìn-ín, yóò sì bi mí pé òùngbẹ ta ni.

Ó ku agolo kan tí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. A lò ó fún òrùlé Ilojo kékeré náà. Ojú gbà á dáadáa, etí ṣì mu. Mi ò ní orúkọ fún un. Ọmọ náà ń pè é ní ẹlẹ́nu méjì, mi ò sì tíì bá a jiyàn.