Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí revolver àlòkù tí mo fẹ́ rà

Àkànní:
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi tọ́jú owó kí n lè ra revolver àlòkù kan, ìbọn ìléwọ́ onísílíńdà tó ń yí, tí màá máa yìn ní pápá ìyìnbọn. Ẹni tó ń tà á ti gba owó àsansílẹ̀. Ó gbà kí n yìn ín wò, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta péré ló fún mi láti pinnu. Bí mo bá sì béèrè nǹkan, á ní ṣé mo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ òun ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á láró dúdú tuntun, ó ń dán gan-an. Igi ìdìmú rẹ̀ rẹwà débi pé ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má jẹ́ kó bọ́. Àmọ́ tírígà rẹ̀ le, ọta rẹ̀ kì í sì í bá ibi tí mo wò. Ṣé owó mi ò ti wọgbó báyìí?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
O sọ ti ẹni tó ń tà á, o sọ ti igi, o ò sọ orúkọ ìbọn, o ò sì sọ irú ọta tó ń lò. Kí la fẹ́ dì mú nínú ìyẹn? Kọ́kọ́ ṣí sílíńdà, irin róbótó tí ọta ń wọ̀, kí o fi ojú ara rẹ rí i pé gbogbo ihò ṣófo, kí o wá pa á dé. Fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ sílíńdà fẹ́ẹ́rẹ́ kó má lè sáré, kí o rọra fa hámà, irin ẹ̀yìn tó ń gbá ọta, sẹ́yìn. Sílíńdà gbọ́dọ̀ ti tì gbọn-in kí hámà tó dé òpin. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún ihò kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá tì, ọwọ́ kékeré tó ń ti sílíńdà yí ló ti jẹ tán. Ọta á máa fi ẹ̀gbẹ́ gbá ìdí ọ̀pá, á sì máa tu òjé sí ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́.
Lẹ́yìn náà, fa hámà dópin, kí o fi àtàǹpàkò tì í síwájú láìfọwọ́ kan tírígà. Bí ó bá já bọ́, dá a padà lónìí.

Ìyá Pápá:
Àkànní, wá fílà géèjì, àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo. Ti sílíńdà sẹ́yìn, wọn àlàfo tó wà láàárín ẹnu rẹ̀ àti ìdí ọ̀pá. Fà á síwájú, tún un wọ̀n. 0.004 sí 0.008 ínǹṣì dára. Tó bá kọjá 0.010, má rà á. Ìyàtọ̀ ìwọ̀n méjèèjì ni bí sílíńdà ṣe ń mì lọ mì bọ̀. Tó bá ju 0.003 lọ, iṣẹ́ wà níbẹ̀.
Aró tuntun yẹn kò dùn mọ́ mi nínú. Wo ètí lẹ́tà tí wọ́n fín sára rẹ̀, wo orí skúrù. Bí lẹ́tà bá ti ṣú, tí ihò skúrù ti ya, ẹnì kan ti ṣí i tí kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Sọ́jà Fẹ̀yìntì:
Kó wo òkè fírémù náà, lókè ẹnu sílíńdà. Bí iná bá ti gé e, kó sá.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Rárá o, Sọ́jà. Ìyẹn máa ń gé díẹ̀, á sì dúró. Ìdí ọ̀pá, níbi tí ọta ti ń wọlé, ni kó wò. Pàápàá nísàlẹ̀ rẹ̀: níbẹ̀ ni Model 19, revolver Smith & Wesson kan, ti máa ń sán bí wọ́n bá ń yìn ín ní .357 Magnum, ọta alágbára, èyí tí orí rẹ̀ fúyẹ́.

Àkànní:
Ẹ ṣeun. Ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tì dáadáa. Àlàfo, 0.007, síwájú, 0.006. Kò sí àléébù, àbí? Skúrù ti ya díẹ̀, àmọ́ ta ni kì í ṣí ìbọn rẹ̀? Smith & Wesson ni. Wọ́n kọ .38 SPECIAL sára ọ̀pá, ohun tí mo sì ń yìn nìyẹn. Lẹ́tà míì wà tí wọ́n ti ha; mo lè ka "38 S&W". Nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú V. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé èèpo ọta máa ń wú nídìí, méjì ti ya. Mo rò pé ọta ni kò dára.

Ìyá Pápá:
Háà! Èyí ló yẹ kí o kọ́kọ́ sọ. Jọ̀ọ́, má yìn ín mọ́.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Gbé e sílẹ̀. V yẹn ni ti Victory, ìbọn Ogun Àgbáyé Kejì. Èyí tí wọ́n kó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, .38 S&W ló ń lò, kì í ṣe .38 Special. Ọta méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. .38 S&W kúrú, ó sì sanra: ìdí rẹ̀ 0.386 ínǹṣì, ti Special 0.379. Lẹ́yìn ogun, wọ́n gbẹ́ ihò ọ̀pọ̀ nínú wọn jìn kí Special lè wọ̀ ọ́. Wọ́n lè mú ihò gùn, wọn ò lè mú un fún. Ìdí èèpo kò wá rí ohun tó máa gbá a mú. Ó ń wú, ó ń ya. Inú ọ̀pá náà tóbi ju ọta Special lọ. Ihò orí pépà rẹ ńkọ́, ṣé róbótó ni?

Àkànní:
Àwọn kan gùn bí ihò kọ́kọ́rọ́. Mo ti ń bú ọwọ́ ara mi.

Sọ́jà Fẹ̀yìntì:
Ọ̀pọ̀ èèyàn ń yìn irú rẹ̀ láìsí wàhálà.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Pẹ̀lú ọta tí agbára rẹ̀ kéré, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n èèpo tó bá ya lè tú èéfín gbígbóná sẹ́yìn sí ojú ẹni tó ń yìn ín. Ọta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń gba pépà kò sì lè bá ibi tí o wò láé.

Àkànní:
Ó ní òmíràn níbẹ̀, Model 10, ọ̀pá 4 ínǹṣì, .38 Special gan-an. Iye kan náà ni. Mi ò mú un torí aró rẹ̀ ti ṣí lẹ́nu àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíńdà, wọ́n sì fín nọ́ńbà ọlọ́pàá sí i.

Ìyá Pápá:
O fi irú ìyẹn sílẹ̀ nítorí àwọ̀? Àpò ìbọn ló ha á. Irú ìbọn ọlọ́pàá bẹ́ẹ̀, gbígbé kiri ló máa ń pọ̀ ju yíyìn lọ. Padà lọ lọ́la, yẹ gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn wò. Tan iná sínú ọ̀pá. Bí o bá rí òrùka dúdú kan, ó ti wú níbẹ̀.

Àkànní:
Mo ti dé. 0.006, 0.005. Gbogbo ihò tì. Hámà kò já. Inú ọ̀pá mọ́. Àmọ́ sílíńdà máa ń le níbì kan bó ṣe ń yí.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Ti ọ̀pá tó ń tú èèpo jáde sẹ́yìn, kí o fi búrọ́ọ̀ṣì gbá abẹ́ irin bí ìràwọ̀ náà. Ẹ̀tù tí kò jó máa ń há síbẹ̀. Wo ọ̀pá náà fúnra rẹ̀ bí sílíńdà ṣe ń yí: bí orí rẹ̀ bá ń mì, ó ti tẹ̀.

Àkànní:
Ẹ̀tù ni. Mo gbá a, ó ń yí geere, ọ̀pá náà kò mì. Mo ti ní kó gbé owó àsansílẹ̀ mi sórí èyí.