Àdúrà pẹ̀lú ará Baruten: ta ló ti lọ rí?

Ọmọ Akọrin: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o. Ẹgbẹ́ akọrin wa ń lọ ṣe ìhìnrere ọlọ́jọ́ mélòó kan lábúlé kan nítòsí Kosubosu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Baruten, ìpínlẹ̀ Kwara. Èdè Baatonu ni wọ́n ń sọ, a ò sì gbọ́ ọ. Báwo la ṣe máa bá wọn gbàdúrà?

Ìyá Ìbejì: Ọmọ mi, ẹ wá ògbufọ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Gbólóhùn kan, kí ẹ dákẹ́ kó túmọ̀ ẹ̀. Àdúrà kíkankíkan tiwa yẹn, kò sí ògbufọ̀ tó lè bá a sáré! Mùsùlùmí pọ̀ níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀. Nígbà tí èmi lọ, mo ní ká gbàdúrà fún orúnkún ìyá àgbà kan; garawa ló nà sí mi. Mo bá a pọnmi nídìí bọ́ọ̀hólù, mo rù ú délé. Ìgbà yẹn ló wá ní kí n jókòó, ó ń ròyìn ọmọ ẹ̀ tó wà ní Parakou, lórílẹ̀-èdè Benin. Ọmọ yẹn la gbàdúrà fún.

Alákọ̀wé: Ṣé ẹ ò kúkú ní fi owó mọ́tò yẹn ránṣẹ́ sí pásítọ̀ tó ń gbébẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Ẹ fi díẹ̀ ránṣẹ́, kí ẹ sì tún lọ. Àmọ́ ẹ gbé gààrí àti ìrẹsì yín dání o, ẹ má lọ jẹ oúnjẹ ọmọ pásítọ̀ tán.